Ẹmu Kì í Dúró Deni

Òyìnbó a máa kó wáìnì funfun pamọ́ sínú àjà ilẹ̀. Riesling gidi láti Jámánì lè lo 20 ọdún níbẹ̀, wọn a ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà ọ̀mùtí ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí! Ẹmu funfun tiwa, orí ọ̀pẹ ló ti ń hó: láàárọ̀ ó dùn, nírọ̀lẹ́ ó le, lọ́jọ́ kẹta ó di ọtí kíkan.

Ẹ wo bí bàbá ṣe ń dán an wò. Á fẹ́ ìfófòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá òkú oyin nínú igbá. Bí kò bá rí i: “Adẹ́mu, ṣé sákárìn kọ́ lo fi sí i?” Bó bá rí i, á mu ún tán, á fajú ro, á ní kò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Á tún na igbá.