Ta Ló Rán Ohm Sí Mi?

Sìgá ni mo fẹ́ pa tì. Dókítà ní kí n pa á tì, ìyàwó mi ní kí n pa á tì, àyà mi pàápàá ń húkọ́ ọ̀rọ̀ kan náà sí mi létí lóròòru. Wọ́n ní vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò mu sìgá rí gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n fún irú wa tí sìgá ti sọ di ẹrú, ewu tirẹ̀ kéré sí ti sìgá. Mo gbà. Èyí tí n kò gbà ni pé kí n tó lè jáwọ́ nínú ohun tí mo ń fi ìṣáná lásán tàn, àfi kí n kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò físíìsì.

Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dán wa wò. Vape àlòjùnù wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà ní London. Kò ní bọ́tìnì, kò ní nọ́ńbà, kò ní wàhálà. O fà á, ó tán, o jù ú nù. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba fòfin de títà rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n ní ó ń sọ ìlú di ààtàn, wọ́n ní àwọn ọmọdé ń fà á. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Àmọ́ ṣé torí ọmọ ọlọ́mọ tó ń sá pa mọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé ló ṣe yẹ kí èmi baba àgbà wá máa ṣe ìṣirò onídẹ́símà ní Peckham, ní London níbí?

Ó wá ku ẹ̀rọ onítáǹkì, èyí tó ní ojú tí ń tan nọ́ńbà. Inú táǹkì ni kọ́ìlì ń gbé: wáyà kékeré kan àti òwú tó wà lára rẹ̀. Òwú á fa omi mu, wáyà á gbóná, omi á di èéfín, ìwọ á fà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù: 0.15, 0.2, 0.4, 0.6, 0.8, 1.0, 1.2. Ohm ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìyẹn bí wáyà náà ṣe ń dènà iná tó. Wọ́n sì tún wá dorí ayé kodò: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń jẹun jù; wáàtì ni wọ́n sì fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀. Kọ́ìlì 1.2, wáàtì 12 ti tó o. 0.15 ló ń gbé wáàtì 60 sí 80 mì, tí yóò sì tu èéfín bo gbogbo pálọ̀. Ọmọ ìkókó ló ń bu òkèlè baálé ilé.

Ọmọ Yorùbá ló wà nídìí káńtà, ọmọ dáadáa, ó tẹrí ba kó tó dá mi lóró.

"Ẹ̀gbọ́n, ohm mélòó lẹ̀ ń lò?"

"Àbúrò, sìgá ni mò ń lò."

"Kò burú, sà. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dá a dúró sẹ́nu kí ẹ tó mí i sínú, àbí kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà?"

Ní ọjọ́ orí mi! Láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ọ̀nà wo ni èémí ń gbà wọ inú mi. Kí n tó dáhùn, ẹnìkejì rẹ̀ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Daddy, ẹ má mú ohm kékeré o, bátìrì yín á bú." Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn mi ní irọ́ ni, ohm ńlá gan-an ló ń fa bátìrì gbẹ. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí àpò mi.

Ẹ jẹ́ kí n bá wọn là á. Ìbẹ̀rù bátìrì yẹn ní ibi tó ti wá. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí kò ní ọpọlọ: páìpù onírin ni, bátìrì wà nínú, kọ́ìlì wà lórí. Volt 4.2 tó wà nínú bátìrì tó kún, tààrà ló ń já lu kọ́ìlì. Nínú irú ẹ̀rọ yẹn, ohm lọba. Fi 0.2 sí i, ampere 21 ni yóò máa sáré nínú rẹ̀. Fi 0.1 sí i, ó di 42, èyí sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ bátìrì vape tí wọ́n ń pè ní 18650 lè gbé lọ. Ẹni tó bá ń lo páìpù yẹn gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, torí ojú àti eyín rẹ̀ ló wà nínú ewu.

Ṣùgbọ́n tèmi ní ọpọlọ! Ọpọlọ yẹn ni mo sanwó fún. Ó dúró sáàárín bátìrì àti kọ́ìlì, ó ń díwọ̀n iná. Bí mo bá ní wáàtì 60 ni mo fẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wọn kọ́ìlì wò. Bó bá rí 0.15, á fún un ní volt 3, ampere 20 á sì kọjá. Bó bá rí 0.6, á fún un ní volt 6, ampere 10 á kọjá. Ẹ bá mi ṣe é: 3 lọ́nà 20, 60, 6 lọ́nà 10, 60. Ohun tí bátìrì ń san kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ rárá. Wáàtì ló ń jẹ bátìrì, ohm kàn jókòó tì í ni. Ẹ̀rọ ti mọ ìdáhùn kí n tó la ẹnu, èmi náà ni wọ́n ṣì ń bi.

Ohm ọ̀hún kò tilẹ̀ ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kọ́ìlì 0.4 kan lè jẹ́ wáyà tín-ín-rín tí kò fẹ́ ju wáàtì 25 lọ; 0.4 mìíràn lè jẹ́ wáyà aláwọ̀n fífẹ̀ tó ń bèèrè 60. Fi 60 sun ti àkọ́kọ́, òwú á jó, ẹnu rẹ á sì korò dalẹ́. Wáàtì tí kọ́ìlì ń fẹ́ ló yẹ kí wọ́n kọ gàdàgbà, òun ni wọ́n wá fín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tí ojú àgbà kò lè kà láìsí jígí.

Ẹ wo Georg Ohm fúnra rẹ̀, olùkọ́ ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ohm. Ọdún 1827 ló tẹ òfin rẹ̀ nípa bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á kún. Ọdún 1841 ni Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní London níbí, tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Àwọn alákọ̀wé fi ọdún 14 ro ọ̀rọ̀ Ohm kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n mọ̀ ọ́n kó tó kan ẹni tó tò sẹ́yìn mi. Ẹ tún wo Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà tó pilẹ̀ vape òde òní ní 2003: òun náà ń wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ sìgá. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kò lo wáyà gbígbóná rárá, ìró tí etí kò lè gbọ́ ló fi ń fọ́n omi ká. Ta ló wá lọ kó wáyà bọ̀ ọ́?

Ká tiẹ̀ ní mo mú kọ́ìlì, omi tún kù. Omi tó ki kò lè gba ihò tóóró ara 1.2 kọjá; òwú á gbẹ, á jó. Omi tó ṣàn, 0.15 á jẹ́ kó máa jò sápò ẹni. Nikotíìnì mìlígíráàmù 20 nínú mìlílítà kan, tí í ṣe òpin tí òfin gbà, dára fún 1.2. Ẹ dà á sínú 0.15 tí ń tu èéfín yẹn, òyì á kọ́ yín, inú á rú; mìlígíráàmù 3 ló yẹ ẹ́.

Òfin náà ló ní táǹkì kò gbọdọ̀ gbà ju mìlílítà 2 lọ, ìgò onínikotíìnì kò sì gbọdọ̀ ju 10 lọ. 0.15 á ti gbé 2 yẹn mì kí wọ́n tó ka orí ìròyìn tán. Ìjọba sì tún ti kéde owó orí, pọ́n-ùn 2.20 lórí mìlílítà 10, láti oṣù kẹwàá 2026, bí kò tilẹ̀ sí nikotíìnì nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nídìí káńtà. Ohm ni wọ́n ń pariwo, ọ̀fun tí kọ́ìlì fi ń mumi ni wọ́n fi pa mọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bi èèyàn kò ju mẹ́ta lọ: sìgá mélòó lẹ̀ ń mu lójúmọ́? Ṣé bí ẹ ṣe ń fa sìgá lẹ fẹ́ máa fà á? Èló lẹ lè ná lọ́sẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ fà á bíi sìgá, kí wọ́n fún un ní kọ́ìlì 1.0 sókè, omi tó ṣàn, wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí wọ́n sì ní kó fi omi rin òwú, kó dúró díẹ̀ kó tó tan iná sí i. Ó parí. Kí Ohm máa sinmi ní Jámánì.

Òfin ti ya ìdá 30 nínú 100 sọ́tọ̀ níwájú páálí omi vape àti lẹ́yìn rẹ̀, láti kìlọ̀ pé nikotíìnì wà nínú rẹ̀, pé ó ń di bárakú. Ẹ ṣeun, bárakú ọ̀hún ló kúkú gbé wa dé ṣọ́ọ̀bù. Nínú 70 tó kù, wọ́n ya máńgòrò, wọ́n ya ọ̀pẹ̀yìnbó, wọ́n ya yìnyín lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹni tó ráyè ya èso tó tó yẹn kò ráyè kọ ìlà kan ṣoṣo, pé irú kọ́ìlì báyìí ni omi yìí bá mu? Kí wọ́n pa máńgòrò kan rẹ́.