Ọba Tí Wọ́n Ń Fà Wọ̀lú

Kábíyèsí, Tòkunbọ̀!
Ọmọ a-gun-ọkọ̀-ojú-omi-kó-tó-gun-títì.
Àlejò tí kì í wọ̀lú láìsan owó ibodè.
Arìnrìn-àjò tó kúrò ní Antwerp, tó sùn sí Kútọnu,
Tó dé Bẹ́gà, tí ara rẹ̀ ń dán yinrin.
Ẹ yàgò fún ọba! Ẹ yàgò fún arẹwà!
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, kó kí i,
Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kí, kó lọ bi mẹkáníìkì rẹ̀ léèrè.

Ìdí tí mo fi dìde nìyí. Mo wò ó pé àwọn tó ń tà ọ́ nìkan ló ń kì ọ́, oríkì tiwọn kò sì gùn ju ohun tí wọ́n lè kọ sára páálí lọ: “First body! AC chilling! Buy and drive!” Ọba tó ti jẹ owó ilé, tó jẹ owó oko, tó jẹ owó orí ìyàwó àwọn èèyàn pàtàkì, ó yẹ kí oríkì rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ń fi owó mọ́tò tuntun yangàn. N kò ní in. Abẹ́ ọba yìí kan náà ni mo ń gbé.

Orílẹ̀ rẹ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí o tó gorí ìtẹ́, àwọn ọba kan ti jẹ. Volkswagen tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjàpá, ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lọ́nà Badagry. Peugeot 504 ń ti Kàdúná jáde lọ́dún náà gan-an. Bó bá gbé ọ̀gá ilé-ìwé wọ àdúgbò, ọmọdé á sáré lọ wẹsẹ̀. Àwọn ìyẹn, ilé la ti tò wọ́n, tuntun la sì ń rà wọ́n. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, tí náírà ṣubú tí kò dìde, mọ́tò tuntun di ohun tí olùkọ́ ń wò nínú ìwé ìròyìn tó sì ń ṣí ojú ewé kejì. Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè ọ́. O wọlé, o kò tíì jáde.

Bàbá Orobo, bàbá Pencil Light,
Bàbá Big Daddy tó fẹ̀dí gba títì,
Bàbá Muscle tó ta àyà síta lójú ọjà,
Bàbá End of Discussion, tí gíà rẹ̀ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀,
Bàbá Evil Spirit, tí pásítọ̀ rà tí kò bẹ̀rù orúkọ.

Toyota àti Honda tó bí wọn kò mọ ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí. Àwa la ṣe ìkómọ.

Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú láti dá ọ dúró. Wọ́n ní láti January 1, 2017, o kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté nìkan ni kí o gbà. Ní August 2019, wọ́n ti ibodè pátápátá. O rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà igbó kò ní géètì.

Obìnrin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kí kí n tó máa lọ. Ní Bẹ́gà, ọjà mọ́tò l’Ékòó, bí èèyàn bá bi ọlọ́jà léèrè pé ta ló wà ọ́ lókè òkun, yóò ní màmá àgbàlagbà kan ni, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń gbé ọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ńkọ́? Màmá kan ni. Èyí tó wà lẹ́yìn? Màmá kan ni. Gbogbo mọ́tò tó wà ní yáàdì náà, títí kan bọ́ọ̀sì akẹ́rù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́, màmá yẹn ló wà wọ́n. N kò mọ ìgbà tó ń ráyè gbàdúrà. Àmọ́ òǹkà máìlì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́rìí gbè é: ọdún mẹ́tàlá ló fi wà ọ́, kò sì tíì dé ibi tó jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ́ńjìnnì rẹ kì í kú, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹni tó ń náwó sí i ló ń kú díẹ̀díẹ̀.

A-mu-ọ́yìlì-má-yó,
A-mu-ọ́yìlì-má-tọ̀,
Tí mẹkáníìkì wo ilẹ̀ títí tí kò rí ẹ̀kán.

Muscle ti Toyota ni mo ń kì báyìí, ti ọdún 2007 sí 2009, èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin. Ríìngì tó wà lára pístìn rẹ̀ kì í dá ọ́yìlì dúró tán. Ọ́yìlì á yọ́ gba ibẹ̀ kọjá, á bọ́ síbi tí epo ti ń jó, á bá epo jó. Igi tí a fi ń wọn ọ́yìlì á máa fi hàn pé ó ń dínkù, kò sì sí ibi tó ń jò. Lọ́dún 2015, Toyota gbà ní Amẹ́ríkà pé àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bí mọ́tò náà kò bá tíì pé ọdún 10, tí kò sì tíì rìn ju máìlì 150,000 lọ. Lẹ́tà lọ sílé àwọn onímọ́tò. Ìgbà tí lẹ́tà fi máa dé ilé màmá oníṣọ́ọ̀ṣì, Kábíyèsí ti wà ní Ìyànà-Ìpájà, ó ń mu ọ́yìlì, ẹni tó rà á sì gbà pé bí alágbára ṣe ń mu nìyẹn.

Àwọn ìránṣẹ́ ọba náà gbọ́dọ̀ gba tiwọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, mẹkáníìkì wa kì í wádìí ohun tó fà á. Ó máa yọ thermostat, ó máa jù ú sígbó, ó máa ní ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lo irú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ara ẹ́ńjìnnì kì í tètè yá mọ́. Kọ̀ǹpútà inú ọba á máa rò pé àárọ̀ kùtù ni, á sì máa bu epo kún epo kí ara rẹ̀ lè móoru. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ra epo bẹntiróòlù fún òtútù tí kò sí ní Èkó. Bí èyí kò bá tó, wọ́n á rọ omi kànga sí radiétọ̀ dípò coolant, kí olorì lè rí ọ̀nà wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Olorì wo? Ẹ dákẹ́, ó ń bọ̀.

Ìpáàrà, olorì tí ọba gbé níyàwó lókè òkun,
A-jẹ-irin-má-fọhùn,
A-ti-inú-jẹ-bọ̀-síta,
Ó jókòó sábẹ́ ọ̀dà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.
Irin ní òun le;
Olorì ní, “Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.”

Ojú títì ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Nígbà òtútù ní Kánádà, ní Michigan, ní Ohio, ní New York, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín má bàa dì, torí pé omi iyọ̀ kì í tètè dì. Táyà á máa ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ mọ́tò, oṣù kan, oṣù méjì, ọdún dé ọdún. Omi àti afẹ́fẹ́ nìkan ti tó láti mú irin dógùn-ún. Iyọ̀ ló ń mú iṣẹ́ náà yá. Ibi tí ojú kò tó ló sì ń fẹ́ràn: inú ṣaasí, ara páìpù búréékì, abẹ́ ilẹ̀kùn, ihò tí táyà ń gbé. Ìgbà tí ọ̀dà bá fi wú lójú ara, inú ti lu. Bí ọba bá wá fìdí kalẹ̀ sí Ajah tàbí Badagry, afẹ́fẹ́ òkun á máa bu iyọ̀ tiwa kún ti àwọn òyìnbó.

Ọlọ́jà mọ olorì dáadáa, ó kàn ń bò ó lójú ni. Yóò fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ mọ́tò, gbogbo rẹ̀ á jọ̀lọ̀. Ibi tó ti lu, yóò fi fílà dí i, yóò fi yanrìn pépà ha á, yóò wọ́n ọ̀dà sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ ìlú pé ìbọ̀wọ̀ fún ọba kò gbọdọ̀ mọ sí orí ìdúró. Dọ̀bálẹ̀ fún un! Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà kan ilẹ̀, kí o wá gbójú sókè wo abẹ́ rẹ̀. Kí obìnrin pẹ̀lú kúnlẹ̀, kó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Fi òòfà kékeré ra ara ọba láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí òòfà bá ti jábọ́, fílà lo ń kí, kì í ṣe irin. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi máa tán. Bí ẹrẹ̀ bá gbẹ sí ìdí rẹ̀, ọba ti rì sómi rí, bóyá lásìkò ìjì Katrina ọdún 2005, bóyá ti Harvey ọdún 2017, bóyá àgbàrá kan tí kò lórúkọ. Gbé táyà ìpààrọ̀ kúrò ní bùútù, fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 wà lẹ́sẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Kọ ọ́ sílẹ̀, fi wá ìtàn ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó kówó kalẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ń bínú pé o ń wo abẹ́ jù, máa kí i, kí o máa lọ sílé.

Mo fẹ́ bi ọba ní ìbéèrè kan tí akéwì kì í bi ọba. Kábíyèsí, wáráńtì rẹ dà?

Nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n tà ọ́ ní tuntun, ọwọ́ rẹ kò ṣófo. Ní Amẹ́ríkà, Toyota máa ń ṣèlérí ọdún 3 tàbí máìlì 36,000 lórí mọ́tò lápapọ̀, ọdún 5 tàbí máìlì 60,000 lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà. Hyundai ní ti òun jẹ́ ọdún 10 tàbí máìlì 100,000 lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló ń jẹ ẹ́ pé. Bó bá tà á fún ẹlòmíràn, ó di ọdún 5. Àní olorì pàápàá ní wáráńtì lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2008, nígbà tí ṣaasí àwọn mọ́tò Tacoma tí wọ́n ṣe láàárín 1995 sí 2000 ń jẹrà, Toyota ra àwọn tó burú jù padà, wọ́n sì san iye tó tó lọ́jà pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ lé e lórí. Lọ́dún 2016, wọ́n tún gbà láti ná owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là kí wọ́n lè yanjú ẹjọ́ ṣaasí Tacoma, Tundra àti Sequoia.

Mo ka èyí, mo kó ìwé sílẹ̀, mo wo mọ́tò mi láti ojú fèrèsé. Inú mọ́tò kan náà ni ìpáàrà àti wáráńtì jọ ń gbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ ojú omi, ìpáàrà gba físà, wáráńtì kò gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ rà ọ́, mọ́tò àti ìlérí ló rà. Àwa ra mọ́tò.

Kò túmọ̀ sí pé Èkó kò ní wáráńtì tirẹ̀.

Wáráńtì Bẹ́gà, wáráńtì ẹnu géètì:
Táyà iwájú jáde, ó kù díẹ̀;
Táyà ẹ̀yìn jáde, ó parí,
Ó di “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wà á wò.”

Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò, sàn díẹ̀. Ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì Belgium, àlòkù òkè òkun, fún ọ níbẹ̀ máa ní kí o lọ dè é, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí kò bá dáa, kí o gbé e padà wá, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ìlérí gidi ni, mo ti rí ẹni tó mú un ṣẹ. Ohun tí kò sọ ni pé owó ẹni tó dè é, owó ẹni tó tú u, owó ọkọ̀ tó gbé e lọ tó tún gbé e bọ̀, àpò rẹ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ọba bá pinnu pé òun fẹ́ jókòó, kò sẹ́ni tí a ó pè. Ọba kì í sì í jókòó níwájú ilé mẹkáníìkì. Ó máa dúró dé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó máa gun Third Mainland, ó máa wá ibi tó jìnnà sí òpin méjèèjì afárá tó gùn ní kìlómítà 11.8, ibẹ̀ ló ti máa sinmi. Gbogbo ìlú á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa fun fèrè, wọ́n á máa kì mí, kì í ṣe òun. Àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó á wá kí Kábíyèsí. Wọ́n á gbé imú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń fa mọ́tò, yóò máa wọ̀lú lọ, orí lókè, táyà ẹ̀yìn nìkan nílẹ̀, kò wo òsì, kò wo ọ̀tún. Èmi á máa tẹ̀ lé e nínú danfo, màá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, torí pé ìjókòó ti kún.

Àṣà wa ni pé ẹni tí a bá kì á mówó jáde. Kábíyèsí, ìwọ nìkan ni ọba tó yí i po: akéwì ló ń kì ọ́, akéwì náà ló tún ń ná ọ lówó. Lọ́sẹ̀ yìí, mo ti náwó ọ́yìlì, mo ti náwó plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ti ra thermostat mìíràn dípò èyí tí wọ́n jù sígbó. Ó ku sáílẹ́ńsà. Mẹkáníìkì ní ìpáàrà ti jẹ ẹ́ já láàárín, kí n tètè mówó wá lọ́la, torí pé tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹni tí òun mọ̀ tó ń tà á.