Àpò Sìmẹ́ǹtì Mélòó?

Tí amọ̀nà bá ti kó àlejò bí i mẹ́fà méje wọ igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ ni pé kí wọ́n rọra, ibi mímọ́ ni. Á wá ròyìn Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olóríṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí òun àti àwọn bí i Adébísí Àkànjí jọ gbé ère ńláńlá wọ̀nyẹn ró. Á ní àjọ UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Gbogbo wọn á máa mi orí. Ìgbà náà ni bàbá kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́ á wúkọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ló lọ sí èyí?"

Ẹ má fi bàbá rẹ́rìn-ín o. Sìmẹ́ǹtì wà nínú púpọ̀ nínú ère ọ̀hún lóòótọ́, iṣẹ́ bíríkìlà sì ni Àkànjí ń ṣe kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ta ló tún béèrè ohun tó mọ́yán lórí? Òyìnbó àárín wọn ń wá ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìyá kan ń wá ibi tí wọ́n ti ń tọ̀. Ọ̀dọ́ kan kẹ̀yìn sí òrìṣà, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀. Ọ̀bọ ní tiwọn ò béèrè nǹkan kan, báàgì àlejò ni wọ́n tẹjú mọ́.

Amọ̀nà mọ ọdún gbogbo lórí, àfi iye àpò yẹn. Bàbá ò dúró dè é. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ìdí ère.