Ìfun Àgbò, Okùn Apẹja àti Èékánná Ọkọ

Láti ìgbà tí Iléyá ti kọjá ni lẹ́tà ti ń wọlé bí òjò sọ́dọ̀ èmi Bùrọ̀dá Olókùn-Mẹ́fà, àfi bí ẹni pé gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde kúrò ní Ojúde Ọba, wọ́n gba ọjà gìtá lọ. Gìtá onínáílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní "classical". Kí n tètè là á yé yín: náílọ́ọ̀nù tí à ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń di gàrí fún yín l'Ókè-Ajé. Ẹnìkan ti gbìyànjú ìyẹn. N kò ní dárúkọ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra gìtá tòkúnbọ̀ kan, onínáílọ́ọ̀nù. Ọ̀gá akọrin wa ní ohùn rẹ̀ kò ròkè, pé kí n yọ okùn rẹ̀, kí n fi onírin sí i, kí ìjọ lè gbọ́ mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, pákó kékeré tí okùn so mọ́ nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé orí sókè bí alángbá. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá nìyí? Ọmọ Akọrin, Ìjàgun."

Àbúrò, ọ̀tá kọ́, ìṣirò ni. Bí o bá fa okùn náílọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ohùn tó yẹ wọ́n, gbogbo wọn pa pọ̀ ń fa pákó yẹn pẹ̀lú agbára tó tó bíi kílò 40. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan gìtá rẹ, àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti bù díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń gbé, kò sì ráhùn. Onírin mẹ́fà á fa kílò 70, á tún máa lé sí i. O wá gbé àpò kan àti ààbọ̀ ka ẹni tí kò tíì ru odindi àpò kan rí lórí. Gìtá tí wọ́n ṣe fún irin ní igi tó le nínú ikùn rẹ̀, irin a sì máa wà nínú ọrùn rẹ̀. Tìrẹ kò ní èyíkéyìí.

Má bínú sí ọ̀gá yín o. Jùjú ló wà létí rẹ̀. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti gbé gìtá oníná wọnú jùjú ní 1949 ni etí wa ti mọ́ ohùn irin, kó tó wá di ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé tí gìtá ń pọ̀ lórí ìtàgé bí àlejò níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbé ohùn gìtá oníná, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í gbọ́ èdè mìíràn ju ti irin lọ. Bí o ta náílọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, á kàn máa wò ọ́ ni, bí Ìjẹ̀bú ṣe ń wo ẹni tó wá yá owó. Bí ìjọ kò bá gbọ́ ẹ, gbé máíkì sí i.

Tú okùn yẹn lálẹ́ òní kí o tó sùn. Má sọ ọ́ nù. Dì í dáadáa nínú bébà aláràbarà, kí o fi ta ìyàwó ọ̀gá akọrin lọ́rẹ: kò sí ohun tó ń gé ọṣẹ gígùn bí okùn gìtá onírin. Bí ọkọ rẹ̀ bá béèrè ìdí, sọ fún un pé òun ló fẹ́ kí ohùn ìjọ ròkè, ìwọ fẹ́ kí aṣọ ìjọ funfun.

"Olókùn, mo kí ọ. Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ gìtá sọ pé ìfun àgùntàn ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe okùn rẹ̀ látijọ́. Àgbò mẹ́ta la pa lọ́dún yìí, ìfun wọn ṣì wà nínú fíríìsà. Iye tí wọ́n ń ta okùn kò ṣeé gbọ́ sétí. Ṣé kí n sọ fún ìyá wọn kó má sè é? Alhaji Alágbò, Fọlágbadé."

Bàbá, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọmọ yín kò purọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ìfun ẹran ṣe okùn. Ìfun kékeré inú àgùntàn kan ṣoṣo lè gùn ju mítà 20 lọ, ẹ wá wo mẹ́ta. Ohun èlò kọ́ ni ìṣòro yín. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á rẹ ẹ́, wọn á ha gbogbo ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀ dànù títí á fi ku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn á là á bí ọ̀já, wọn á lọ́ ọ̀já púpọ̀ pọ̀, wọn á nà án kó gbẹ, wọn á wá dán an kó jọ̀lọ̀. Láàárín ìgbà tí ẹ bá rẹ ẹ́ àti ìgbà tó bá gbẹ ni gbogbo ajá Ìjẹ̀bú-Òde máa wá kí yín kú ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní ìhanra díẹ̀ bí ohùn àgbà onísákárà tó ti jẹ obì yó, ọwọ́ sì máa ń mọ̀ pé òun di nǹkan mú, kì í yọ̀ bíi náílọ́ọ̀nù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń mumi. Kí òjò tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, okùn ìfun á ti gbọ́, ohùn rẹ̀ á ti yí. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á já, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí wá àgbò.

Ogun Hítílà ló gbà wá. Ìfun yìí kan náà ni àwọn dókítà fi ń rán ojú ọgbẹ́, nígbà tí ogun sì gbóná, ọgbẹ́ sójà ló kọ́kọ́ kàn, okùn gìtá wá di ọ̀wọ́n. Ọkùnrin agbẹ́gìtá kan ní New York, Albert Augustine, ló fi náílọ́ọ̀nù dán an wò, ohun tí ilé-iṣẹ́ DuPont ti ṣe jáde ní 1935. Andrés Segovia, ọmọ Sípéènì, tí orúkọ rẹ̀ kan gbogbo ayé nídìí gìtá, gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Báyìí ni okùn náílọ́ọ̀nù ṣe gbòde, tí ìfun sì padà sínú ọbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá wọn sè é, kó fi rodo sí i dáadáa. Owó ẹran tí ẹ kò ní ná lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ fi ra okùn fún ọmọ. Kí ojú yín má sì ṣe lọ sí ìrù ẹṣin lọ́dún tó ń bọ̀ o. Lóòótọ́, irun ìrù ẹṣin ni okùn gòjé, ṣùgbọ́n ẹṣin ìdílé Balógun l'Ójúde Ọba kò ní mọ̀ pé orin lẹ̀ ń bá kiri. Ẹni tó bá fẹ́ fa ìrù ẹṣin níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, kó kọ́kọ́ wo ibi tí pátákò wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ti sọ èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di ti àwòdì. Ti ọwọ́ òsì, ó ń gé e dé ẹran. Ó ní gìtá ló fà á. Bí a bá jọ ń jẹ ẹ̀bà, ojú á máa tì mí, nítorí èékánná rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé inú ọbẹ̀. Ṣé kí n gé e tó bá ti sùn? Ìyàwó Àwòdì, Mọ́lípa."

Ìyàwó wa, fi àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ fún ẹ. Òsì ló ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, ọ̀tún ló ń ta á, èékánná ló sì ń jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù dún gooro. Bó bá jẹ́ ẹran ìka nìkan, ohùn á rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Àwọn kan fẹ́ràn rírọ̀ yẹn ṣá. Francisco Tárrega, àgbà onígìtá ní Sípéènì tó kú ní 1909, gé èékánná tirẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ogbó ń kàn án, ẹran ìka ló sì fi ń ta okùn. Fi orúkọ yẹn pamọ́, á wúlò fún ẹ lọ́jọ́ ìjà.

Ní báyìí, ìkọ́kọrẹ́ ni kó o máa sè. Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ojú kò sì ní tì ẹ́ mọ́. Tó bá jẹ ẹ́ tán, gbé igbá ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀ kó máa bó o. Sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé irú èékánná báyìí, Ọlọ́run kò dá a fún orin nìkan. Alaalẹ́ ni kó o máa gbé e wá. Bó bá kán, ìwọ kọ́ lo gé e. Bó bá wá ń sunkún, rọ̀ ọ́ pé àwọn onígìtá mìíràn a máa gé bọ́ọ̀lù pin-pọ́ǹgì, wọn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka. Kí ó ra bọ́ọ̀lù tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi, okùn kẹta gìtá mi, G, ń dún bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo ìkòkò. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ní òun ní okùn ìpẹja oníkábọ̀nù tó lè ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Olókùn Kẹta."

Ọmọ mi, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni kí á rín. Inú ìdílé kan náà ni okùn apẹja yẹn àti okùn gìtá oníkábọ̀nù ti wá. Wo G rẹ dáadáa: òun ló sanra jù nínú àwọn mẹ́ta tí a kò yí wáyà mọ́ lára, sísanra yẹn ló ń di ohùn mọ́ ọn lọ́fun. Kábọ̀nù wúwo ju náílọ́ọ̀nù lọ, nítorí náà ó lè tínrín kó sì tún wà ní ohùn kan náà. Bó ṣe tínrín yẹn ló ń jẹ́ kó là ketekete. Kì í tètè yẹ̀ nígbà òjò bíi náílọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ó le lọ́wọ́, ó ń gé ìka, bó bá sì jẹ́ pé gìtá rẹ ti lóhùn tẹ́lẹ̀, kábọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sọ ọ́ di ìyá oníṣòwò tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi nìyí: kábọ̀nù fún G nìkan, náílọ́ọ̀nù fún B àti E. Aláwẹ́ mìíràn lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ kọ̀wé tirẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ, gbà á, ṣùgbọ́n ẹja kì í yẹ okùn wò bóyá ó dọ́gba. Etí á yẹ̀ ẹ́ wò. Fi ìka kan okùn náà fẹ́rẹ́ lókè irin kejìlá, má tẹ̀ ẹ́, ta á. Lẹ́yìn náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an, tún ta á. Bí ohùn méjèèjì kò bá bára mu, padà s'Ẹ́pẹ̀ẹ́ kí o fi okùn náà pẹja. Rántí tèmi.

"Mo ra okùn tí wọ́n kọ 'Hard Tension' sí lára, nítorí pé mo rò pé òun ni ti ọkùnrin gidi. Ìka ń ro mí, gìtá mi sì ń dún bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ọ̀túnba."

Ọ̀túnba, páálí Hard Tension yẹn, ẹ gbé e sórí tábìlì pálọ̀ níbi tí àlejò á ti rí i. Normal ni kí ẹ so mọ́ gìtá.

"Àwọn okùn mẹ́ta tó nípọn ti kú, ni mo bá sè wọ́n lórí iná. Oní-Gáàsì."

Òógùn àti ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ ló wọ àárín wáyà tí wọ́n fi yí òwú náílọ́ọ̀nù inú wọn. Sísè kò lè sọ wọ́n di tuntun. Tún òmíràn ra, kí o ra D méjì, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ já. Omi tó kù nínú ìkòkò, má fi tẹ̀bà.

Ìyá ọlọ́jà tó kọ̀wé sí mi lórí páálí okùn méjì tí mo gbà láwìn láti oṣù kẹta: mo rí lẹ́tà yín, ìkọ̀wé yín dára púpọ̀. Okùn páálí kìíní ti já. Ti èkejì ni màá fi dá yín lóhùn. Ẹ ṣáà ṣí fèrèsé lálẹ́ ọ̀la.