Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Windows Kọ̀ǹpútà Ilé ní Dùgbẹ̀ Láìbi Ẹnikẹ́ni Léèrè

Kọ̀ǹpútà ilé yín ń ṣòjòjò. Wọ́n tàn án kí wọ́n tó lọ wẹ̀, wọ́n wẹ̀ tán, ó ṣì ń yí. Ojú gbogbo ilé ti wà lára rẹ, nítorí ìwọ lo máa ń bá wọn ra dátà sórí fóònù. Microsoft náà sì ti fún ọ ní àwáwí: láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. O ti wá pinnu pé Sátidé yìí lo máa pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ìpinnu akin ni. Tẹ̀ lé ìlànà yìí, má sì fo ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Má wádìí ohun tó ń ṣe é

Ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀ pọ̀. RAM rẹ̀ lè kéré, eruku lè ti dí fáànù, fáírọ́ọ̀sì lè ti wọlé, dísìkì sì lè ti gbó. Bí o bá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, o lè rí èyí tó jẹ́, kò sì ní sí ìdí láti pààrọ̀ Windows mọ́. Sátidé rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí o bá ń gbọ́ ká, ká, ká nínú rẹ̀, oníṣẹ́ á ní dísìkì ló ń kú lọ, pé kí ẹ tètè kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Ìwọ gbà pé àtẹ́wọ́ ló ń pa fún ọ.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Ṣe ẹ̀dà fáìlì, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jìnnà

Orí kọ̀ǹpútà yìí ni Màmá kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ ní Gbági sí. Ibẹ̀ ni fọ́tò ìsìnkú Màmá Àgbà wà. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ àṣekágbá tí àbúrò rẹ fẹ́ gbé lọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní Pólì wà. Àwọn tẹ́rù máa ń bà ní kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ilé. Ìnáwó lásán. Ṣí C, kó gbogbo rẹ̀, dà á sí D. Òótọ́ ni pé dísìkì kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí C àti D, pé ọjọ́ tí dísìkì bá kú, àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn yàtọ̀, ìyẹn sì tó.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Yan èyí tí kọ̀ǹpútà yín ò lè gbé

Windows 11 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ó ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB lórí dísìkì, àti ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín ò ní TPM yìí. Windows 11 yìí gan-an ni kó o yàn.

Ẹnì kan lè dárúkọ Linux fún ọ, èyí tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Á ní Ubuntu wà, tí Mark Shuttleworth ará Gúúsù Áfíríkà gbé jáde ní 2004. Pé ọ̀fẹ́ ni. Pé o tiẹ̀ lè tàn án láti orí fláàṣì kó o fi dán an wò, láìfọwọ́ kan ohunkóhun lórí dísìkì. Kọ̀ ọ́. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó bófin mu, tí kò sì ba nǹkan jẹ́, kí lo fẹ́ fi í yangàn sí?

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Lọ ra Windows ní Dùgbẹ̀

Wọ Micra, kó o sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kòkó. Ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí ní 1965 ni, kò ṣeé ṣì mọ̀. Kọjá gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ rìsíìtì. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó da fláàṣì sínú ike, ni kó o lọ bá. Kí i dáadáa: “Injiníà, ẹ kú iṣẹ́ o.” Á bi ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, Pro ni àbí Enterprise?” Mú èyí tórúkọ rẹ̀ gùn jù. Á ní fláàṣì tòun kì í béèrè TPM, pé wọ́n ti crack ẹ̀, pé ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún Microsoft títí ayé. Má béèrè ẹni tó crack ẹ̀, má sì béèrè ohun mìíràn tó kó sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Bá iná sáré

Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ti kú, ṣájà nìkan ló gbé e ró. Gbàrà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!”, ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, kó o bẹ̀rẹ̀. Má yá ínfátà aládùúgbò, má sì rọ bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, wọ́n á mú iná lọ. Bí wọ́n bá dá a padà, tún bẹ̀rẹ̀ látorí.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́

Kọ̀ǹpútà yóò bi ọ́ níbi tó o fẹ́ gbé Windows sí. Wọn ò ní kọ C tàbí D síbẹ̀. Partition 1, Partition 2 lo máa rí, wọ́n á tò jọ gbọọrọ. Bí o ò bá dá wọn mọ̀, tẹ Delete lórí gbogbo wọn. Yóò kìlọ̀ fún ọ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa lọ. Kọ̀ǹpútà fẹ́ràn ìkìlọ̀. OK ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ẹ̀dà tó o dà sí D ti bá wọn lọ báyìí, o ò tún ní máa ronú ibi tó o pa á mọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ Keje: Lé gbogbo ẹ̀ṣọ́ lọ

Crack náà á ní kó o pa antivirus kí òun tó lè ṣiṣẹ́. Pa á. Olè tó ní kó o so ajá mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé, ọmọlúàbí ni. Lẹ́yìn náà, pa update, kí Microsoft má bàa mọ̀ pé ayédèrú lo ń lò. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft fi update dí ihò kan nínú Windows. Ní oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò yẹn wọ kọ̀ǹpútà àwọn tí kò gba update náà, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n wá fi 300 dọ́là Bitcoin ṣí i. Ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba, wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Ilé ìwòsàn nìyẹn o. Pálọ̀ ni tiyín wà.

Ìgbésẹ̀ Kẹjọ: Wá driver

Wi-Fi ò ní ṣiṣẹ́, torí driver rẹ̀, ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́, ò sí níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni driver náà wà. Fi Wi-Fi wá a. Má ṣe rántí pé okùn USB lè gbé dátà láti orí fóònù rẹ wọ inú kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ Kẹsàn-án: Fi han gbogbo ilé

Pè wọ́n jọ, kó o tàn án. Á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sí ohun kan lórí rẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́. Bí Màmá bá béèrè ìwé gbèsè rẹ̀, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Màámi, kọ̀ǹpútà ti bá yín dárí ji gbogbo wọn.” Bí àbúrò rẹ bá bú sẹ́kún, sọ fún un pé àtúnkọ máa ń dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ Kẹwàá: Dí àyè tó ṣí

Fáìlì tí a pa rẹ́ kì í tètè kúrò lórí irú dísìkì yín yìí. Ó ń bẹ níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gorí rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì lè rí díẹ̀ kó padà, bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀ tí ẹ ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Nítorí náà, má pa á. Gba fláàṣì fíìmù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, kó o da gbogbo rẹ̀ sí i, kó o lè mọ̀ bóyá àyè rẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ Kọkànlá: Gba oníbàárà

O ti di ọ̀gá. Lẹ ìwé mọ́ géètì: “INJINÍÀ KỌ̀ǸPÚTÀ. A Ń FỌ́MÀTÌ, A Ń GBÉ WINDOWS.” Kọ̀ǹpútà ìjọ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí àkọsílẹ̀ ìdámẹ́wàá wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé ìjọ á bi ọ́ bóyá kóun kọ́kọ́ kó nǹkan kúrò níbẹ̀. Fi í lọ́kàn balẹ̀: “Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo máa bá yín kó o sí D.” Kí o sì gba owó iṣẹ́ rẹ kí wọ́n tó tàn án.