Táítọ́ọ̀sì Inú Odò Humber

Lẹ́tà mẹ́rin ló wọlé lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló ń run ẹja. Kò yani lẹ́nu. Bí oṣù September bá ti ń lọ sí ìparí, àwọn ẹja sámọ́nì ńláńlá á máa ti inú adágún Ontario gun odò Humber lọ sókè, èrò á dúró létí odò ní Old Mill láti wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fò níbi ìsédò, àwọn bàálé kan á sì gba ilé ìtajà lọ láti lọ fi owó ilé ra ọ̀pá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ní Scarborough.

“Ẹ̀yin Onímọ̀ràn, bàálé mi ti ra ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́rin, ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, àti ẹ̀wù tí àpò ara rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ sí Humber. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ẹja mẹ́ta wálé. Táítọ́ọ̀sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì dì gbagidi. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ din ẹja náà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹja òkun ni Táítọ́ọ̀sì, omi iyọ̀ ló ń gbé. Omi adágún Ontario kò níyọ̀, nítorí náà bí Táítọ́ọ̀sì bá dé Humber, a jẹ́ pé ọkọ̀ ẹrù ló gbé e dé. Ẹ má jà. Ẹ gbé àwo síwájú wọn, kí ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn hàn mí.” Ẹnu wọn ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ọwọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi itọ́ tàbí omi pa kókó yẹn lára kó tó fà á le, torí okùn náìlọ́ọ̀nù tó bá ń ha ara rẹ̀ ní gbígbẹ máa ń gbóná, ibi tó ti gbóná yẹn náà ni ẹja ńlá ti ń já a. Ọ̀fẹ́ ni itọ́. Bí bàálé yín bá fà á le ní gbígbẹ, ẹ ti mọ ibi tí sámọ́nì wọn ń gbà lọ, ẹ sì ti mọ̀ pé ọ̀pá karùn-ún kò ní dá a padà.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Irinṣẹ́ ìpẹja kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lára apẹja, òmíràn wà tí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹja. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ náwó sí, torí òtútù Ontario kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ti kejì, ìmọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í pàtẹ ìmọ̀. Ẹ wo sámọ́nì Humber fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Chinook. Àlejò ni níbí bíi tiwa: etíkun Pacific ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá, nígbà tí irú sámọ́nì tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ti pa rẹ́ nínú adágún Ontario kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé. Nígbà tí Chinook bá fi adágún sílẹ̀ láti lọ yé ẹyin nínú odò, kì í jẹun mọ́. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń ná, bó bá sì yé ẹyin tán, ó kú nìyẹn. Bó bá gé ìdẹ jẹ, ó jọ pé inú ló ń bí i, ebi kọ́. Kí wá ni ìdẹ olówó gọbọi fẹ́ sọ fún ẹni tí ebi ò pa? Ohun tó ń mú un ni kéèyàn mọ ibi jíjìn tó ti ń sinmi, kó dé ibẹ̀ ní ìdájí, kó sì rọra tẹlẹ̀. Ẹja ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara méjèèjì tó fi ń gbọ́ ìmìtìtì inú omi, ẹni tó bá sì ń fi bàtà ńlá gbá òkúta kiri létí odò ti kéde ara rẹ̀ kó tó ju okùn. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ìwọ̀ wọ́ ẹja ní ìhà nítorí pé kò gé ìdẹ jẹ. Òfin Ontario kò gbà á, ẹ má sì jẹ́ kí Dádì gbìyànjú ẹ̀.

Ẹnìkan á ní ẹja ń ríran, nítorí náà aṣọ kàn án. Òótọ́ ni. Nínú omi tó mọ́ tí kò jìn, ẹja lè rí ẹni tó dúró létí bèbè, pàápàá ẹni tó wọ aṣọ tó ń tàn yanran. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò gbe onífàájì, torí aṣọ tó dára jù nígbà náà ni èyí tó ti ṣá, tó ti gbó, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Etí Humber ni òwe náà ti wúlò jù. Ohun kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀, ìyẹn awò ojú tó ń pa ìtànṣán orí omi, èyí tí wọ́n ń pè ní polarized. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta lójú omi máa ń mì sí ìbú, awò náà sì ń dí èyí tó ń mì sí ìbú lọ́nà, ojú á wá ráyè wọnú omi lọ bá ẹja. Bí ọjọ́ ìbí Dádì bá dé, ẹ ra ìyẹn fún wọn, kí ẹ fi ọ̀pá mẹ́ta ta lọ́rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì pa ẹja gidi, ẹ wo ìwé ìtọ́ni tí ìjọba Ontario ṣe lórí jíjẹ ẹja kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, torí ibi tí wọ́n ti pa á àti bó ṣe gùn tó ló ń sọ iye ìgbà tí a lè jẹ ẹ́ lóṣù. Ìwọ̀n ti àwọn ìbejì yàtọ̀ sí ti bàbá wọn.

Akápò ẹgbẹ́ kan ní Brampton ní tiwọn: “A fẹ́ lọ pẹja lórí yìnyín ní Lake Simcoe ní oṣù February. Àwọn ìyàwó wa ní àfi ká yan aṣọ ẹbí, wọ́n sì ti mú ankara wá. Mo ní ká fi owó náà ra ìdẹ. Ìjà ti dé.”

Akápò, àwọn ìyàwó yín ló jàre, aṣọ nìkan ni wọ́n ṣì yàn. Òwú ni ankara. Òwú máa ń mu òógùn àti omi, á sì lẹ̀ mọ́ ara, á máa fa ooru ẹni tó wọ̀ ọ́ jáde. Irun àgùntàn, bó tilẹ̀ tutù, á ṣì máa móoru. Nítorí náà, ẹ yan aṣọ ẹbí onírun àgùntàn, kó jẹ́ aṣọ abẹ́. Yóò jẹ́ aṣọ ẹbí tí ayàwòrán kò ní rí yà. Lókè pátápátá, kí gbogbo yín wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa roro, torí orí yìnyín kò sí ẹja tó ń wò yín, ènìyàn tó máa yọ yín ni kó rí yín. Gèlè lórí fìlà onírun, ó dáa, á bo etí. Lẹ́yìn náà, kí owó tó kù ra irin ṣóńṣó méjì méjì fún olúkúlùkù, èyí tí wọ́n ń fi okùn kọ́ ọrùn, tí ẹni tí yìnyín bá já mọ́ lẹ́sẹ̀ á fi gún yìnyín gòkè. Red Cross ilẹ̀ Kánádà ní kí yìnyín nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 fún ẹni tó ń dá rìn, 20 fún ọ̀pọ̀ èrò tó ń ṣeré. Bí onílù yín bá ń bọ̀, 20 ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Okùn méjì ni òfin gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè lórí yìnyín, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i ju mítà 60 lọ. Ẹ gbé ìkòkò jollof sí àárín.

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Aláfẹ́, ní Etobicoke, bínú sí mi ṣáájú kí n tó sọ̀rọ̀: “Ṣé ẹja nìkan ni wọ́n ń lọ pa ni? Aṣọ náà ni ìgbádùn. Ẹ jẹ́ ká rímú mí.” Aláfẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí ẹ̀wù tuntun bá lè gbé dìde kúrò lórí àga nínú oṣù February ti jèrè ẹ̀wù náà, kódà bí kò bá pa ekòló. Àmọ́ ẹ wo Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí ọdún ìpẹja ti wà láti 1934. Àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ńlá ni àwọn ọkùnrin yẹn ń gbé wọ odò. Igbá kan náà ló ń gbé wọn léfòó, òun náà ni wọ́n ń kó ẹja sí. Kò sí àpò kankan lára wọn, ẹ wá lọ wò bóyá ìgbádùn wọ́n wọn níbẹ̀. Ẹ ra ẹ̀wù yín. Ẹ kàn ra ìbọ̀sẹ̀ gidi ṣáájú ẹ̀, torí bí ẹsẹ̀ bá ti kú, kò sí aláfẹ́ mọ́. Nínú àpò mọ́kàndínlógún yẹn, kí ẹ fi láísẹ́ǹsì sí ọ̀kan, torí ẹni tó bá ti pé ọdún 18 tí kò tíì pé 65 gbọ́dọ̀ ní in lára nígbà tó bá ń pẹja ní Ontario.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì yìí náà ló wà nínú lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ọmọ kan ní North York ní bàbá òun, ẹni ọdún 71, wá kí òun láti Abẹ́òkúta, ó sì gbọ́ pé àgbàlagbà kì í sanwó. Àgbàlagbà tó ń gbé Kánádà ni òfin náà ń sọ, ọmọ mi. Bàbá wá ṣe àlejò ni, ẹ ra láísẹ́ǹsì fún wọn. Kí ẹ sì fún Ìyá Ìbejì ní nọ́ńbà wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ kókó so.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa kọ̀wé. Àmọ́ fọ́tò ẹja ti tó. Fọ́tò kókó okùn yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́.