Gèlè Ò Jẹ́ N Ríbi Kọ̀wé Sí

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ẹbí mi. Màmá wa fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, wọ́n wá ní kí n bá wọn ṣe álíbọ́ọ̀mù: kí n ṣa fọ́tò, kí n sì fi lẹ́tà tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ṣebí ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà." Ẹ wo ohun tí mímọ̀ kó bá mi.

Fọ́tò tí a óò kọ nǹkan sí lára gbọ́dọ̀ níbi tó ṣófo: ògiri, ojú ọ̀run, ibikíbi tí ojú èèyàn ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, nínú fọ́tò òde ìnáwó wo lẹ ti rí ojú ọ̀run rí? Gèlè ti gbà á tán. Ibi tí gèlè bá pin sí, kánópì ló gbà á níbẹ̀. Mo ní kí n lọ sísàlẹ̀, léèsì aláràbarà ni mo bá. Mo kọ ọ́ ní funfun, kò hàn. Mo kọ ọ́ ní dúdú, kò hàn. Lẹ́yìn àwọn onígèlè, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ń ki òkèlè bọnu. Fọ́tò tí mo bá ṣí, ó ń jẹun níbẹ̀.

Mo gé etí ọ̀kan díẹ̀ kí àyè lè wà, àṣé Bùrọ̀dá wa àgbà ló dúró létí. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ yọ àwọn kúrò nínú ẹbí lójú ayé ìyá àwọn ni.

Ti àtijọ́ ì bá sàn. Ayàwòrán ìgbà náà máa ń mú èèyàn jókòó dáadáa, ọwọ́ lórí orúnkún, kọ́tìnnì lẹ́yìn, àyè gbayawu lókè orí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi báírò kọ̀wé sẹ́yìn wọn, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ síwájú. Àwọn tí a yà láàárín ọdún 1990 sí 1999 ńkọ́? Kámẹ́rà ti tẹ déètì pupa rúsúrúsú sí igun ìsàlẹ̀, ibi tí mo fẹ́ lò gan-an, irọ́ ló sì ń pa. Ó ní ọdún 1994 la sọ àbúrò wa tí wọ́n bí ní 1998 lórúkọ.

Mo bẹ àwọn ẹbí tó kù kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kí ojú fọ́tò má bàa di bàìbàì. Screenshot ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, tòun ti bátìrì tó ku 9% lókè. Àǹtí wa ní ọ̀rọ̀ ṣókí tàwọn ti wà nílẹ̀: àdúrà olójú ewé méjì.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ náà sì tún dé. Gbogbo èyí tó rẹwà ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Ó kọ "Màmá" wẹ́rẹ́. Nígbà tó kan "Àṣàkẹ́", àpótí kéékèèké ló tò síbẹ̀. Ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n kọ rí bí ìwé oògùn dókítà.

Mo sáà parí ojú ewé kan, mo gbé e fún Màmá. Wọ́n wò ó nítòsí, wọ́n nawọ́ gbé e jìnnà, wọ́n tún wò ó. "Ọmọ ta ló kọ jágajàga sára fọ́tò mi yìí? Jọ̀ọ́, bá mi fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́."